Ojúde Ta Ni? Ohun tí Orúkọ Ń Sọ nípa Gbàgede ní Àjàṣẹ́

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí orúkọ tí a fi ń pe ìta gbangba ní ìlú Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Mo fẹ́ fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ti Gùn àti ti Faransé bá tilẹ̀ ń tọ́ka sí ilẹ̀ kan náà, ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn yàtọ̀. Ìyàtọ̀ náà kan ẹni tó ni ilẹ̀.

2. Ìhun ọ̀rọ̀

Ẹ̀yà ara ni Yorùbá sábà máa fi ń sọ̀rọ̀ nípa àyè. Ojú àti òde ló di ojúde, lẹ́yìn ìpajẹ fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ inú òde. Orí àti ìta ló di oríta. Ẹnu àti ibodè ló di ẹnubodè. Ọ̀nà kan náà ni Gùn ń tọ̀. Xɔgbonu, orúkọ tí àwọn Gùn ń pe ìlú yìí, ní xɔ, ‘ilé’, gbo, ‘ńlá’, àti nu, ‘ẹnu’: ẹnu ilé ńlá. Honto ni wọ́n ń pe gbàgede àdúgbò. Hɔn, ‘ilẹ̀kùn’, wà nínú rẹ̀.

Ojúde kì í dá dúró, ó ń fẹ́ ẹni tó ni ín: ojúde ọba, ojúde baálé. Bí ẹnìkan bá ní òun wà ní ojúde, ẹ ó bi í pé, “Ojúde ta ni?” Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síbẹ̀ ló ń gbá a, òun la sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí Egúngún tàbí Zangbeto tó jáde níbẹ̀.

3. Place Jean Bayol

Jean Bayol jẹ́ dókítà àti aṣojú ìjọba Faransé. Ní 1889 ó lọ bá ààfin Abomey dúnàádúrà. Nígbà tó di 1890, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Dàhòmì. Ṣùgbọ́n ère tó wà lórí gbàgede náà kì í ṣe tirẹ̀. Ère Ọba Toffa ni, ẹni tó jọba láti 1874 títí di 1908. Ọba ló dúró níbẹ̀, orúkọ àlejò ni ilẹ̀ ń jẹ́.

Ìrántí ni orúkọ Faransé yìí wà fún, kì í ṣe ohun-ìní. Bayol kò ní ilẹ̀kùn níbẹ̀. Lónìí, “Mo ń lọ sí Bayol” ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀rọ̀ tó dúró fún àyè ti bọ́, orúkọ ènìyàn sì ti di orúkọ ibi.

4. Ohun tó wà nínú ewu

Bayol fẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n. Àwọn honto kéékèèké inú àdúgbò àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Bí a bá ti ń pe honto ní “place”, ó rọrùn láti rò pé ilẹ̀ ìjọba ni, tàbí pé kò ní olúwa. Ìsọ̀ á kọ́kọ́ dé, ọkọ̀ á tẹ̀ lé e, ògiri á sì parí rẹ̀. Ilé àṣà Ouadada ti ń tún díẹ̀ nínú wọn ṣe pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, iṣẹ́ náà sì dára. Àmọ́ ilẹ̀ tí a tún ṣe tí a kò sì mọ orúkọ olúwa rẹ̀ mọ́, ìdajì ni a gbà padà.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kó orúkọ ibi jọ má ṣe dúró sórí ìtumọ̀ nìkan. Kí ó kọ orúkọ náà ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó tú ìhun rẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé tí ó ni ín àti ẹni tí a ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn méjì ìkẹyìn yìí kò sí nínú máàpù kankan tí mo tíì rí.