Àwòrán tó ń Rìn àti Ìkọ́ni nípa Ìyípo Ẹ̀rọ
Ní ọdún 1868, Henry T. Brown tẹ ìwé kan jáde ní New York, ó sì to àwòrán ìṣesí ẹ̀rọ 507 jọ sínú rẹ̀. Gbogbo wọn dúró sójú kan. Òǹkàwé ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ yí wọn. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn ti ń rìn lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ tó ń fa fíìmù sinimá fi èrè èyí hàn. Èèkàn kékeré kan wà lára wíìlì tó ń yí láìdúró. Àgbélébùú onírin tó ní ihò gbọọrọ mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí èèkàn bá wọ ihò kan, á gbé àgbélébùú yí ní ìdá kan nínú mẹ́rin, á sì jáde. Àgbélébùú á wá dúró títí wíìlì yóò fi yí ìdá mẹ́ta tó kù. Ìdúró yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà: òun ló ń jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn ketekete kí òmíràn tó dé. Àwòrán inú ìwé kò lè fi í hàn, nítorí ohun gbogbo ló dúró níbẹ̀.

Èdè pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. ‘Wíìlì ń yí’, ‘àgbélébùú ń yí’: òótọ́ ni méjèèjì, nítorí ‘ń’ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ìṣe tó ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tó ń wáyé léraléra. Àwòrán tó ń rìn lè la èyí yé akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ bá lè dá a dúró níbi tí èèkàn ti ń jáde, kí ó sì bi í léèrè èyí tó ṣì ń yí. Èyí tó kàn ń sáré láìṣeé dá dúró kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti Brown lọ.