Láti Ìmọ̀ Jọ́gíráfì sí Ìmọ̀ Ẹnjiníà: Bí Ọ̀nà Ṣe Rí fún Ará Bouaké

Ní ọdún 2018, dáàmù Loka gbẹ, omi ẹ̀rọ sì wọ́n bí ojú ní Bouaké. Ọmọ tó ka jọ́gíráfì ní Université Alassane Ouattara ìlú náà lè fi máàpù hàn ọ́ àdúgbò tó wà lókè tí omi kì í tètè dé, àti ibi tí ìlú ń fẹ̀ sí. Bi í wàyí bí páìpù ibẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Àlàfo yẹn ni másítà ẹnjiníà wà fún, àlàfo kan náà ló sì ń dá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tó lórúkọ jù nítòsí ni INP-HB ní Yamoussoukro, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Bouaké. Ọdún 1996 ni wọ́n pa ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin pọ̀ láti dá a sílẹ̀. Ìdánwò ìdíje lẹ́yìn bac, ìyẹn ìdánwò àṣejáde girama, ni ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà wọlé: ọdún méjì ní prépa, ìyẹn kíláàsì ìgbáradì, mẹ́ta ní ìmọ̀ ẹnjiníà gan-an. Ẹni tó ti gba licence, ìyẹn díígírì àkọ́kọ́, kò ní padà síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba onílicence sí másítà ló máa wá.

Lórí ìwé, licence kírẹ́díìtì 180 ló ń ṣílẹ̀kùn másítà kírẹ́díìtì 120. Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò rẹ ni àwọn tó ń yan ènìyàn máa ń kà, kọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òmíràn, ìṣirò ni ojú wọn sì máa ń kọ́kọ́ wá. Wò ó báyìí: táǹkì kan ń jò nísàlẹ̀, ìgbà wo ni yóò tán? Ẹni tó bá fi bí ó ṣe ń jò níbẹ̀rẹ̀ pín gbogbo omi inú rẹ̀ ti ṣì í, torí bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni jíjò náà ń falẹ̀. Ìṣirò ohun tó ń yí padà báyìí kún inú ẹnjiníà fọ́fọ́, kò sì sí nínú ìwé jọ́gíráfì tàbí ti òfin.

Ní Nàìjíríà, PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn díígírì àkọ́kọ́, ni wọ́n fi ń dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, ó sábà máa ń gba kí ènìyàn padà sẹ́yìn, kó tún wọ licence ìṣirò tàbí ti kọ̀ǹpútà. Université virtuelle tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2015 ń kọ́ni ní ti kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ará Bouaké kò sì ní láti kó lọ sí Abidjan. Àwọn ẹbí lè máa bínú pé o tún bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ó sàn ju kí o fìdí rẹmi ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ lọ.

Yan ẹ̀ka tó bá ohun tó o ti mọ̀ mu. Onímọ̀ jọ́gíráfì lè wo omi, àyíká tàbí máàpù orí kọ̀ǹpútà; ilé ẹ̀kọ́ 2iE ní Ouagadougou, omi àti àyíká ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ka òfin tó ń fojú sí ẹ̀rọ iná, n kò ní gbà á níyànjú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìwé ẹ̀rí ló wá kù. Níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà yàtọ̀ sí másítà. Ọmọ Èjìgbò tó dàgbà ní Côte d'Ivoire tó ń gbèrò àtipadà sílé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ níbẹ̀, tí òfin 1970 dá sílẹ̀, máa ń wo díígírì àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Ọmọ náà lè bá ilé iṣẹ́ omi ṣètò máàpù àti ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹni tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí àwòrán páìpù.