Bífà àti Odò tí Ó Ti Jìn: Àyẹ̀wò Odò Bridge Creek

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ẹranko tí à ń pè ní bífà fi ń tún odò ṣe, àti ìdí tí iṣẹ́ kan náà fi di ìparun ní ibòmíràn. Ìbátan eku àti ọ̀yà ni bífà. Ṣùgbọ́n inú omi ni ó ń gbé. Eyín ni ó fi ń gé igi lulẹ̀, igi náà ni ó sì fi ń sé odò, kí omi lè jìn tó láti bo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Odò Bridge Creek ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, ni àpẹẹrẹ wa. Odò yìí ti gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi di ọ̀gbun tóóró. Omi abẹ́ ilẹ̀ bá a lọ sísàlẹ̀, igi wílò etí odò kò sì rí omi fà mọ́. Bífà kò tán níbẹ̀. Wọ́n ń sé odò, ṣùgbọ́n nítorí pé inú ọ̀gbun ni gbogbo agbára àgbàrá kó jọ sí, odi wọn kì í pẹ́ wó. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, àwọn tí ń yin bífà kì í sì í sábà mẹ́nu bà á: odò lè bàjẹ́ kọjá ohun tí apá ẹranko yìí ká.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó mọ́lẹ̀ la odò náà já, wọ́n sì ń fi ẹ̀ka wílò hun ún (ẹni tí ó bá ti rí ọgbà tí àwọn apẹja fi ń sé odò yóò mọ bí ó ti rí). Àwọn bífà wá ń fi igi àti ẹrẹ̀ tiwọn kún un. Bí omi ti dúró, ó tòrò. Iyanrìn tí ó ń gbé lọ rọ̀ sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ògì ti í ṣe nínú ìkòkò. Ilẹ̀ odò ga díẹ̀díẹ̀, omi tún tàn dé àkùrọ̀, ó ń wọ ilẹ̀ lọ, omi abẹ́ ilẹ̀ sì gòkè. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ọmọ ẹja steelhead pọ̀ sí i níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni odi náà kò dínà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ní 1946, Ajẹntínà kó 20 bífà láti Kánádà lọ sí Tierra del Fuego nítorí òwò awọ. Wọ́n bí sí i, wọ́n sì tàn dé Ṣílè. Wílò a máa rú láti ara kùkùté; igi lenga ti ibẹ̀ kì í rú bẹ́ẹ̀. Ibi tí bífà bá ti gé e, tàbí tí omi bá ti bo gbòǹgbò rẹ̀, òkú igi ni ó kù. Ní 2008, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn láti mú bífà kúrò níbẹ̀.