Ológbò Dúdú Di Pupa: Ẹ Má Tètè Pe Arúgbó Ní Àjẹ́

Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀ ni tí Tíṣà fi ń sọ ti ológbò?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ ológbò yìí lé ìyá arúgbó kan jáde nílé, èmi tí mo sì ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo jókòó, mo ń wò ó.

Ní ọdún 2018, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa kan gba yàrá méjì nínú agboolé kan lẹ́yìn ọjà. Nínú yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni ìyá àgbàlagbà kan ń gbé. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, nítorí náà Ìyá Elélùbọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní ìdálẹ̀.

Ẹni tó bá ti ta èlùbọ́ rí mọ ohun tí eku lè fi ojú ènìyàn rí. Ẹ kó àpò mẹ́ta wọlé lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, eku ti lu méjì, ó ti tọ̀ sí ẹ̀kẹta. Ìdí nìyí tí Ìyá fi gba ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ alápatà. Ó dúdú bíi kóró iṣin, ara rẹ̀ ń dán. Dúdúyẹmí ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí kò bá sí ológbò nílé, ilé a di ilé èkúté. Kí oṣù méjì tó pé, eku ti wábi gbà.

Nígbà tó yá, àwọn ará ilé kan bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn eku káàkiri. Ẹ̀rù ba Ìyá pé kí ológbò wọn má lọ jẹ eku tó ti jẹ oògùn, ni wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀. Ọjà kò sì tà lásìkò náà. Owó ẹja di ìṣòro. Ẹ̀kọ àti àmàlà tí wọ́n fi ọbẹ̀ díẹ̀ ra lára ni ológbò ń jẹ.

Oṣù ń gorí oṣù. Mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn Dúdúyẹmí kò dán mọ́. Ó kọ́kọ́ dà bí aṣọ aró tó ti ṣá, lẹ́yìn náà ó pupa rúsúrúsú bí irin tó dípẹtà. Àsìkò yẹn gan-an ni ibà mú ọmọ ọdún mẹ́ta kan nínú ilé. Ẹ kúkú mọ òwe wa tó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ yìí kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán. Obìnrin kan ní òun jí lóru, òun rí ológbò pupa lójú fèrèsé. Ó ní, "Ológbò dúdú la mọ̀ nílé yìí. Èyí tó pupa yìí, ta ni?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé Ìyá Elélùbọ́ ni ó ń gbé àwọ̀ náà wọ̀ lóru.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ìyàwó mi ní kí a má ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn mọ́, kí ọmọ wa má sì gba ohunkóhun jẹ lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba iwájú ìsọ̀ Ìyá kọjá lọ ra èlùbọ́ níbòmíràn, tí mo sì ń kí wọn pé, "Ẹ kú ọjà o, Mama."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá onílé pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní kí Ìyá kó ẹrù wọn bí oṣù bá parí. Ìyá kò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará ilé, nígbà tí ọmọ yín ń ké lóru, ta ni ń gbé omi gbígbóná wá? Bí mo bá jẹ́ àjẹ́, ṣé èlùbọ́ ni ǹ bá máa tà títí ẹsẹ̀ mi fi wú?" Wọ́n wá kọjú sí mi. "Tíṣà, ọmọ mi, ìwọ náà ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá onílé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ fún mi ní oṣù méjì péré. Bí n kò bá lè fi ojú yín rí ohun tó mú ológbò yìí pupa, kí ẹ ṣe bí ẹ ti wí." Bàbá gbà, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá bàbá ọmọ náà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Wọ́n fún un ní oògùn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti ń sáré kiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé Dúdúyẹmí sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹran. Ọkùnrin náà ya irun rẹ̀ wò, ó sì bi mí ní ìbéèrè méjì péré: "Kí ni ó ń jẹ? Níbo ni ó ń gbé lọ́sàn-án?" Nígbà tí mo dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ aró, ẹ mọ̀ pé bí ó ti wù kí aláró mọ iṣẹ́ tó, bí kò bá sí elú nínú ìkòkò, aṣọ kò ní dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni ara ológbò rí. Aró kan wà tí ń kun irun, mẹ́lánínì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ara fi ń ṣe é, tí í ṣe elú rẹ̀, ni taírósìnì, inú ẹran, ẹja àti ẹyin ni ó sì pọ̀ sí. Bí ológbò dúdú kò bá rí i jẹ tó, aró dúdú á dín kù, irun tí ń hù á sì máa pupa. Ní ọdún 2001 àti 2002, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ohun tí wọ́n rí nípa èyí. Wọ́n ní oúnjẹ tó tó fún ológbò láti fi dàgbà lè má tó láti mú irun rẹ̀ dúdú. Ìdí nìyí tí Dúdúyẹmí kò fi kú, tí kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Oòrùn náà tún dá kún un, nítorí bí oòrùn ti ń ṣá aṣọ lórí okùn ni ó ṣe ń ṣá irun dúdú.

Mo túbọ̀ wá inú ìwé, mo sì rí i pé ológbò tí ń pa àwọ̀ dà pọ̀ láyé. Irú kan wà tó ti ilẹ̀ Siam wá, èyí tí à ń pè ní Thailand nísinsin yìí. Bí wọ́n bá bí ọmọ rẹ̀, funfun ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ara tó kù á sì wà ní funfun bí wàrà. Aró ti irú ológbò yìí kì í ṣiṣẹ́ níbi tó bá gbóná. Ara ológbò gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 ti Celsius, inú ìyá sì gbóná, nítorí náà ni ọmọ fi ń funfun jáde. Etí àti ìrù ló máa ń tutù, ibẹ̀ ni aró sì ti ń mú. Ní ọdún 1930, àwọn onímọ̀ méjì ará Rọ́ṣíà tẹ ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n fá irun ara irú ológbò yìí, wọ́n sì fi í síbi tó tutù. Irun tó hù padà dúdú. Ṣé àjẹ́ ni òtútù ni?

Bí ibà bá mú ìyá ológbò nígbà tó lóyún, ó lè bí ọmọ tí irun rẹ̀ dà bí eérú, tí yóò sì padà sí àwọ̀ gidi rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ológbò tó dàgbà a máa hu irun funfun díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ o, bí ẹ bá rí i tí awọ inú etí rẹ̀ tàbí ẹran ìdí eyín rẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè máa ṣàìsàn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran.

Mo padà sílé, mo bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n kó oògùn eku kúrò nílẹ̀. A tú Dúdúyẹmí sílẹ̀. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló ń ra ṣàwá wá fún un láti ọjà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun òun náà. Kí oṣù méjì tó pé, mo gbé ológbò náà lọ síwájú Bàbá onílé, mo fi ìka ya irun ẹ̀yìn rẹ̀. Lókè pupa, nísàlẹ̀ dúdú kirikiri. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹ̀n." Wọn kò sọ̀rọ̀ kíkó ẹrù mọ́ láti ọjọ́ náà, wọn kò sì tọrọ àforíjì.

Ó wù mí kí n sọ pé gbogbo rẹ̀ parí síbi ayọ̀. Irun ológbò padà, ṣùgbọ́n oníbàárà púpọ̀ kò padà. Àwọn kan ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ Ìyá bí ẹni pé iná ń jó níbẹ̀. Ní ọdún 2020, ọmọ wọn wá mú wọn lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbé Dúdúyẹmí lé mi lọ́wọ́. "Tíṣà, ọmọ mi, gbà á. Fún un lẹ́ja o. Bí ó bá tún pupa, ìwọ ni wọn yóò pè ní oṣó."

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fún ológbò yín ní ẹja díẹ̀, kí ẹ má sì da oògùn síbi tí ó ti ń ṣọdẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé tí a kà tí a kò lè fi gba ọmọnìkejì wa sílẹ̀, kí ni ó wúlò fún? Bí àìmọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ilé, kí ẹni tó mọ̀ má dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí mo ti ṣe.

Dúdúyẹmí ti ń dàgbà lọ́dọ̀ mi. Irun funfun mélòó kan ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ewú ni o, ẹ̀yin ará ilé. Kì í ṣe àjẹ́.