Kábéèjì àti Ẹ̀kùyá: Ohun tí ó Wà nínú Ìkorò Ewé

Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ẹ̀kùyá a máa hù lẹ́yìn ilé àti létí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ọmọ onílé ni. Àlejò ni kábéèjì ní tirẹ̀: ilẹ̀ tútù ni ó fẹ́, nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé agbègbè Jos, tí ó ga tí ó sì tutù, ni wọ́n ti ń gbìn ín púpọ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí pé owó ni wọ́n fi ń rà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó níyì ju ẹ̀fọ́ ààtàn lọ. Ṣùgbọ́n ìbátan ni ewé méjèèjì.

Obìnrin tí ó ń bó iṣu èlùbọ́ mọ̀ pé bí iṣu bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, yóò dúdú. Irin tí òjò ń pa a sì máa dípẹtà. Irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, bí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára. Ara ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dènà rẹ̀, àwọn èròjà kan nínú ewé a sì máa ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni fítámì C. Ní 1928 ni Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ròyìn bí òun ti yọ èròjà náà láti inú ohun mélòó kan, tí ọsàn àti kábéèjì wà lára wọn.

Oríṣiríṣi ni kábéèjì. Funfun àti pupa, kéèlì tí ewé rẹ̀ kì í ká jọ, àti búrókólì, irúgbìn kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn àgbẹ̀ ni ó ṣà wọ́n lẹ́ṣà títí ìrísí wọn fi yàtọ̀. Nínú 100 gíráàmù kábéèjì funfun tútù, fítámì C tó nǹkan bíi mílígíráàmù 36. Nínú ti pupa, ó tó 57. Èyí pupa tún ní aró tí ń dènà ìbàjẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní anthocyanin. Ìbátan aró náà wà nínú pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ìkorò, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kábéèjì àti ẹ̀kùyá ní irú èròjà kan tí à ń pè ní glucosinolate. Ó dàbí ilé tí wọ́n kó ẹ̀tù sí yàrá kan, tí wọ́n dá iná sí yàrá kejì: nígbà tí ọ̀bẹ tàbí eyín bá fọ́ ewé, èròjà náà àti èkejì tí ń tú u yóò pàdé, ohun títa tí ń lé kòkòrò yóò sì jáde. Ìwádìí fi hàn pé irú ohun títa bẹ́ẹ̀ lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ara gbé ààbò tirẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n omi híhó a máa pa èròjà kejì yẹn, bí wọ́n bá sì da omi ẹ̀fọ́ nù, púpọ̀ nínú fítámì C àti glucosinolate bá a lọ.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó mú kí àwọn ìyá máa da omi ẹ̀kùyá nù. Ìkorò tí ó pọ̀ jù kò ṣe é jẹ. Àwọn kan nínú irú èròjà yìí sì lè dá kún àìsàn gẹ̀gẹ̀ níbi tí áyódìn kò bá tó nínú oúnjẹ. Ìwọ̀n ni ó yẹ: kí a gé ewé, kí a fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí omi mọ níwọ̀n, kí ó má sì pẹ́ lórí iná.

Oògùn oníhóró kò lè gba ipò ewé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994 nípa àwọn amusìgá ní Finland fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fún ní hóró beta-carotene ju àwọn tí wọn kò fún lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún olùkọ́. Ọmọ tí ó lè ya àwòrán kábéèjì sínú ìwé, ṣùgbọ́n tí ó ń tẹ ẹ̀kùyá mọ́lẹ̀ kọjá láìmọ orúkọ rẹ̀, ti pàdánù oúnjẹ kan. Ewé tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ọkọ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé, kì yóò dé inú ìkòkò.