Kí ló dé tí ihò kọ́kọ́rọ́ mi fi kéré?

Mo fi pákó ìrókò tó ṣẹ́ kù lára ibùsùn màmá àgbà kan àpótí kékeré fún ìyá mi. Ó wá ku kọ́kọ́rọ́ tí à ń rì sínú igi. Router ni mo fi gbẹ́ ihò rẹ̀. Kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì o! Ẹ̀rọ tó ń yí abẹ roboto láti gbẹ́ igi ni.

Kí abẹ má baà yà, a máa ń gé ihò sára pátákó àwòṣe. Òrùka irin kan wà nídìí ẹ̀rọ náà, abẹ gba àárín rẹ̀ kọjá. Òrùka yìí ló ń fara gbá etí àwòṣe. Òrùka mi fẹ̀ ní mílímítà 16, abẹ jẹ́ 6. Yọ 6 kúrò nínú 16, ó ku 10. Pín in sí méjì: 5. Ìyẹn ni abẹ fi jìnnà sí etí àwòṣe ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Kọ́kọ́rọ́ mi gùn ní 40, àwòṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ 50. Mo gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ méjì ni, mo gé 45. Ihò wá jẹ́ 35!

Ọpẹ́ ni pé ihò tó kéré ṣeé fẹ̀. Ká ní ó tóbi jù ni, pákó màmá ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo gé àwòṣe tuntun, mo fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí abẹ roboto kì í gbẹ́ igun tó mú. Kọ́kọ́rọ́ wọlé wẹ́kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dán tiyín wò lára àjákù pákó.