Ṣágo Epo àti Àwo Oòrùn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ ní ìdájí yóò rí wọn lórí tábìlì lẹ́bàá títì: ṣágo ńlá ńlá tó kún fún epo, pẹ̀lú àrọ àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ ẹ. Kpayo ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Òun ló ń gbé zémidjan rìn, òun ló ń yí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo, òun náà ló sì ń tan iná níbi ìnáwó bí iná ìjọba bá lọ. Ìdílé tí owó ilé-ìwé ọmọ wọn ti inú ṣágo jáde pọ̀ láàrin wa. Nítorí náà, nígbà tí a bá fẹ́ fi epo wé oòrùn àti afẹ́fẹ́, kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ bí àlejò.

Epo ní ìwà rere tirẹ̀. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè ra lítà kan péré, yóò sì ṣiṣẹ́ lóru àti lọ́sàn-án, ní ọ̀dá àti ní òjò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yẹpẹrẹ tí a ń jẹ nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò pẹ́ rárá tí owó kpayo fi fò sókè ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. A kò dìbò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè, síbẹ̀ àwa náà san nínú gbèsè náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ibi tí wọ́n ń kó epo pa mọ́ sí ní Sèmè-Kraké gbiná. Ó lé ní 30 ènìyàn tó bá a lọ. Bí a bá sì wo ibi tí wọ́n ti ń wa epo, ìròyìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2011 lórí ilẹ̀ Ògóní sọ pé àtúnṣe omi àti ilẹ̀ ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30.

Ti oòrùn ńkọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn ní Illoulofin, ní agbègbè Pobè, lórí ilẹ̀ Nàgó gan-an. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25. Àwọn ará Tógò ti ṣí ti Blitta, mẹ́gáwáàtì 50, ní ọdún kan ṣáájú. Inú wa dùn sí i. Kò sí ààrẹ ìlú kankan tó lè jí lówùúrọ̀ kí ó fi owó kún oòrùn.

Síbẹ̀, oòrùn náà ní ìyọnu rẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí dá owó jọ nígbà kan, a ra àwo méjì àti bátìrì kan fún yàrá iṣẹ́ wa. Bátìrì náà kò pé ọdún kan tó fi kú. A kọ́kọ́ bú ẹni tó tà á fún wa, bóyá ó sì tọ́ sí i, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀: ohun tí a rà fún gílóòbù mẹ́rin àti kọ̀ǹpútà kan ni a so fìríìjì mọ́! Nígbà ọyẹ́ pẹ̀lú, eruku bo àwọn àwo náà, kò sì sí ẹni tó rántí nù wọ́n. Owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni oòrùn ń béèrè, lẹ́yìn náà ìtọ́jú. Lítà kan lítà kan ni epo ń gbà á lọ́wọ́ ẹni, títí ayé.

Ní ti afẹ́fẹ́, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn sí wa. Senegal ti ri òpó 46 mọ́lẹ̀ ní Taïba N'Diaye, nítòsí òkun. Ọyẹ́ ń gbé fìlà lórí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ yíká ọdún.

Lójú tiwa, ibi tí ó yẹ kí oòrùn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, nítorí ọ̀sán ló ń fa omi sínú táǹkì, kò sì nílò bátìrì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn abúlé. Ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo àti zémidjan yóò ṣì máa mu epo fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tún àwọn àwo wọ̀nyí ṣe kò pọ̀ rárá ní ìlú wa.

Ìyá tó ń ta kpayo níwájú ọ́fíìsì wa ti gbé àtùpà rẹ̀ jù sílẹ̀. Fìtílà oòrùn kékeré kan ló ń lò báyìí, èyí tó máa ń sá sórí páànù ilé rẹ̀ lọ́sàn-án. A bi í léèrè ìdí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ epo?" ni ó wí, ó sì yíjú sí zémidjan tó dúró, ó bu lítà méjì fún un.